Bí A Ṣe Ń Yan Fọ́ǹtì Àfọwọ́kọ, àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó Nínú Iṣẹ́ Dísáìnì

Bí ẹnì kan bá gba káàdì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, kí ó tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ parí ni yóò ti mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ọ́ fara balẹ̀ jókòó, ó mú báírò, ó sì ro ti òun. Ìmọ̀lára yìí ni fọ́ǹtì àfọwọ́kọ, ìyẹn ìrísí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tí ó fara wé ìkọ̀wé ọwọ́, ń gbìyànjú láti fi sínú ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mi ò ní lẹ́tà alárànbarà ara ìwé ẹ̀rí lọ́kàn, èyí tí ìrù rẹ̀ ń lọ́ bí ìtàkùn káàkiri ojú ìwé. Fọ́ǹtì tí mò ń sọ ni èyí tí ó jọ ìwé pélébé tí ènìyàn kọ sílẹ̀ fún ará ilé rẹ̀ kí ó tó jáde: lẹ́tà kan ga díẹ̀, òmíràn kúrú díẹ̀, wọn kò dúró ṣánṣán lórí ìlà, síbẹ̀ wọ́n ṣeé kà láìsí wàhálà.

Ohùn ènìyàn ni mo ka irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ sí, gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo là sílẹ̀ nínú ìtọ́sọ́nà yìí sì ti ara èrò náà jáde. Bí ohùn bá bá ẹni tí ń sọ̀rọ̀ mu, òǹkàwé kì yóò tilẹ̀ kíyè sí fọ́ǹtì. Bí kò bá bá a mu, fọ́ǹtì nìkan ni yóò máa rí.

Ìtàn fọ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní Comic Sans jẹ́ ẹ̀rí fún mi. Ní ọdún 1994, Vincent Connare, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, rí ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Microsoft Bob, nínú èyí tí ajá inú àwòrán ti ń bá òǹlò sọ̀rọ̀. Times New Roman, lẹ́tà tí ó yẹ ìwé ìròyìn, ni wọ́n sì fi kọ ọ̀rọ̀ ajá náà. Connare rí i pé ohùn yẹn kò yẹ ajá, ó sì ya lẹ́tà mìíràn tí ó fara wé ti àwọn ìwé ìtàn alàwòrán. Fọ́ǹtì náà kò tètè parí tó láti wọ inú ètò tí ó torí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó wọ inú Windows lẹ́yìn náà, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn kálẹ̀, títí àwọn ènìyàn fi ń fi kọ ìkìlọ̀ àti ìwé ilé iṣẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012, nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní CERN, ilé ìwádìí ńlá kan ní Yúróòpù, kéde ohun tí wọ́n rí nípa Higgs boson, ohun wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n ti ń wá tipẹ́, Comic Sans wà lára lẹ́tà tí wọ́n fi kọ àlàyé wọn sójú pátákó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yà kúrò lórí ìròyìn ńlá náà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà. Fọ́ǹtì náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ajá inú àwòrán ni wọ́n ya ohùn rẹ̀ fún, àwọn tí ó lò ó ni wọ́n gbé e lọ síbi tí ọ̀rọ̀ ajá kò dé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀

Kí ẹ tó ṣí àkójọ fọ́ǹtì rárá, ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ lò sórí bébà, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sí ìbéèrè méjì sábẹ́ rẹ̀: ta ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, kí ni onítọ̀hún ì bá sì fi kọ ọ́ bí kò bá sí kọ̀ǹpútà? Olùkọ́ tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sí etí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yóò lo báírò. Ẹni tí ó ń kọ àkọlé sára páálí yóò lo mákà. Ẹni tí ó ń kọ orúkọ sára ìgò ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lè lo búrọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá ronú títí tí ẹ kò rí ẹnikẹ́ni tí yóò fi ọwọ́ kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí pé àdéhùn òfin ni, tàbí tábìlì tí ó kún fún iye owó, fọ́ǹtì àfọwọ́kọ kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀, ẹ sì lè dá ìtọ́sọ́nà yìí dúró títí di ọjọ́ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan fọ́ǹtì láti ara irin iṣẹ́ tí ó fara wé

Báírò máa ń fa ìlà tí ìnípọn rẹ̀ kì í yí padà. Mákà a máa fa ìlà tí ó nípọn, tí orí rẹ̀ rí roboto. Ìlà búrọ́ọ̀ṣì a máa nípọn níbi tí ọwọ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì máa tín-ín-rín níbi tí ọwọ́ ti fúyẹ́, nígbà tí ṣọ́ọ̀kì máa ń fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ nínú ìlà. Ojú ènìyàn ti mọ àwọn ìyàtọ̀ yìí láti ìgbà èwe, kódà bí kò bá lè fi ẹnu ṣàlàyé wọn. Nítorí náà, ẹ mú fọ́ǹtì tí irin iṣẹ́ rẹ̀ bá ìdáhùn yín nínú ìgbésẹ̀ kìíní mu. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta wà lórí Google Fonts, àkójọ fọ́ǹtì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Patrick Hand, tí Patrick Wagesreiter ṣe láti ara ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀, dà bí ìkọ̀wé ẹni tí ó fara balẹ̀, ó sì ṣeé fi kọ gbólóhùn tí ó gùn díẹ̀. Kalam, tí Indian Type Foundry ṣe, tẹ̀ sí ọ̀tún bí ìkọ̀wé ẹni tí ń yára, ó sì ní ìnípọn mẹ́ta tí ẹ lè yàn nínú rẹ̀. Ìkẹta ni Caveat, iṣẹ́ Pablo Impallari, mo sì ń padà bọ̀ sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ pinnu pẹ̀lú bóyá ẹ fẹ́ kí àwọn lẹ́tà so mọ́ra tàbí kí wọ́n dá dúró. Èyí tí ó so mọ́ra máa ń dùn ún wò nínú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì. Fọ́ǹtì Mistral, tí Roger Excoffon ṣe fún ilé iṣẹ́ Fonderie Olive ní ìlú Marseille ní ọdún 1953, ṣì ń yà mí lẹ́nu títí dòní: lẹ́tà onírin ni wọ́n fi ń tẹ ìwé nígbà náà, ìyẹn ni pé irin kékeré lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ó ya wọ́n débi pé bí wọ́n bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà a máa lọ láti inú ọ̀kan sínú èkejì bí ẹni pé ọwọ́ kò kúrò lórí bébà. Fún gbólóhùn tí ó ju ìlà méjì lọ, ẹ fara mọ́ èyí tí lẹ́tà rẹ̀ dá dúró.

Ohun tí ó máa ń tú àṣírí fọ́ǹtì àfọwọ́kọ ni àtúnwí. Ọwọ́ ènìyàn kì í kọ “o” méjì kí wọ́n rí bákan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Ẹ tẹ “gbogbo”, “kókó” àti “pàápàá”, kí ẹ sì wo àwọn lẹ́tà tí ó fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìdí nìyí tí Caveat fi wù mí: wọ́n kọ òfin sínú rẹ̀ pé kí lẹ́tà yí ìrísí rẹ̀ padà díẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí ó bọ́ sí nínú ọ̀rọ̀. Àwọn sọ́fítíwíà dísáìnì ń pe ètò yìí ní Contextual Alternates. Ẹ rí i dájú pé ẹ tàn án sílẹ̀, nítorí pé àwọn sọ́fítíwíà mìíràn kì í lò ó títí ènìyàn yóò fi sọ fún wọn. Bí fọ́ǹtì yín kò bá ní irú òfin bẹ́ẹ̀, tí ó sì ní lẹ́tà àfidípò nínú pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní Glyphs, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín pààrọ̀ ọ̀kan nínú méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dán an wò pẹ̀lú èdè wa

Ìgbésẹ̀ yìí ni ẹ kò gbọdọ̀ fò rárá. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì àfọwọ́kọ jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí ó ya lẹ́tà tí èdè tirẹ̀ nílò, tí ó sì dúró síbẹ̀. Àwòrán ìpolówó fọ́ǹtì lè rẹwà kí ó sì jẹ́ pé “ṣ” kò sí nínú rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá sì ṣàì sí, kọ̀ǹpútà kì í sábà dákẹ́ kí ó fi àyè sílẹ̀. Inú fọ́ǹtì mìíràn ni yóò ti lọ yá a, lẹ́tà àjèjì yóò sì jókòó sáàárín ọ̀rọ̀ bí àlejò tí kò sí ẹni tí ó pè é.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ó fà á. Nínú ètò Unicode, tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìyẹn U+1EB9, “ọ” jẹ́ U+1ECD, “ṣ” sì jẹ́ U+1E63. Ṣùgbọ́n “ẹ́”, “ẹ̀”, “ọ́” àti “ọ̀” kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀ láti rí wọn: lẹ́tà fúnra rẹ̀ àti àmì ohùn tí ó ń tẹ̀ lé e, U+0301 fún àmì òkè, U+0300 fún ti ìsàlẹ̀. Kí àmì náà tó lè bà sórí lẹ́tà dáradára, ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ ti fi ojú ibi tí yóò bà sí hàn lára lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì yóò fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí ó gba inú lẹ́tà kọjá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àkọsílẹ̀ pé fọ́ǹtì kan ṣiṣẹ́ fún èdè Vietnam tàn yín jẹ: òótọ́ ni pé “ẹ” àti “ọ” wà nínú èdè náà, ṣùgbọ́n “ṣ” kò sí níbẹ̀, wọn kì í sì í fi àmì ohùn lé “ẹ” tàbí “ọ” lórí bí àwa ti ń ṣe.

Gbólóhùn tí mo fi ń dán fọ́ǹtì wò nìyí, ẹ lè lò ó bí ó ti wà:

“Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ǹjẹ́ ẹ rí ẹyẹ tó bà sórí òrùlé lọ́jọ́ Ẹtì? Ọ̀ṣọ́ ìyẹ́ rẹ̀ ń dán gbinrin. Ṣé ẹ ó padà wá wò ó?”

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tí ó tóbi, kí ẹ sì wò ó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá gbogbo lẹ́tà ti ọwọ́ kan náà wá, kí ẹ sì fi ojú sí “ṣ” àti “ǹ” jù lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àmì orí lẹ́tà ńlá, nítorí pé orí “Ẹ̀” àti “Ọ̀” ni àmì sábà máa ń gé sí. Lẹ́yìn èyí ni ohun tí kò sí ìwé atọ́ka fọ́ǹtì tí mo tíì rí tí ó mẹ́nu bà á, tí ó sì jẹ́ ìṣòro fún àwa: ìrù “y”, “j” àti “g”. Nínú fọ́ǹtì àfọwọ́kọ, ìrù yìí máa ń gùn, ó sì máa ń ká padà sí òsì, lábẹ́ lẹ́tà tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an. Bí lẹ́tà yẹn bá jẹ́ “ẹ” tàbí “ọ”, ìrù á gbé àmì abẹ́ rẹ̀ mì, “ẹyẹ” á di “eyẹ”, “ọjọ́” á di “ojọ́”. Ẹ wo “ẹyẹ”, “lọ́jọ́” àti “ẹ̀gbọ́n” nínú gbólóhùn náà pẹ̀lú sùúrù. Ẹ tún wò bóyá “í” àti “ì” ti bọ́ àmì tóótó orí wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó gba àmì ohùn, nítorí pé bí méjèèjì bá wà lórí lẹ́tà kan, ojú yóò rú òǹkàwé.

Ìwà àmì náà ṣe pàtàkì bí ìjókòó rẹ̀. Nígbà tí a bá fi ọwọ́ kọ èdè Yorùbá, báírò tí ó kọ lẹ́tà náà ni ó fa àmì, ó sì máa ń yára fà á. Bí lẹ́tà bá rí bí ti mákà tí ó nípọn, tí àmì orí rẹ̀ sì tín-ín-rín, tí ó gún bí ẹni fi rúlà fà á, ẹnì kan ni ó kọ lẹ́tà, ẹlòmíràn ni ó wá fi àmì sí i, ohùn ti pín sí méjì. Èmi a máa fi irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wù kí ó rẹwà tó.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi fọ́ǹtì àfọwọ́kọ ṣe jẹ́ káàdì ìdúpẹ́, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìdán fọ́ǹtì wò. Gbogbo “ọ̀” inú rẹ̀ ni ó wá láti inú fọ́ǹtì mìíràn, mi ò sì rí i títí káàdì fi dé ọwọ́ mi, nítorí pé lójú kọ̀ǹpútà, ìwọ̀n kékeré ni mo ń wò ó. Títí dòní, n kì í wo ìdánwò fọ́ǹtì ní ìwọ̀n tí ó kéré ju 72 póìntì lọ (póìntì ni a fi ń wọn bí lẹ́tà ti tóbi tó).

Bí fọ́ǹtì tí ó wù yín bá kùnà níbì kan ṣoṣo, ọ̀nà àbáyọ wà. Fún ọ̀rọ̀ díẹ̀, irú bí àkọlé, ẹ sọ lẹ́tà di àwòrán nínú sọ́fítíwíà dísáìnì yín, kí ẹ sì fi ọwọ́ ya àmì tí ó kù, pẹ̀lú ìlà tí ìnípọn rẹ̀ bá ti lẹ́tà dọ́gba. Bí làísẹ́ǹsì fọ́ǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò rẹ̀, bá fàyè gbà á, ẹ lè ṣí i nínú FontForge, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ǹtì, kí ẹ sì fi lẹ́tà tí kò sí kún un. Bí ó bá ju ibì kan lọ, ẹ wá fọ́ǹtì mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka làísẹ́ǹsì, kí ẹ tó fi sórí kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ fún ìlò ara ẹni nìkan; bí ẹ bá fi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún, ẹ ti jẹ gbèsè. Èyí tí ọkàn máa ń balẹ̀ sí ni fọ́ǹtì tí ó wà lábẹ́ SIL Open Font License, tí ẹ̀dà 1.1 rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Ó gbà yín láyè láti lo fọ́ǹtì fún iṣẹ́ owó, láti tún un ṣe àti láti pín in, kìkì pé ẹ kò gbọdọ̀ ta fọ́ǹtì náà fúnra rẹ̀ lásán. Bí ẹni tí ó ṣe é bá sì ti sọ pé orúkọ fọ́ǹtì náà jẹ́ ti òun nìkan, ẹ̀dà tí ẹ tún ṣe gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ mìíràn. Fífi fọ́ǹtì sórí kọ̀ǹpútà kò le: lórí Windows, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, kí ẹ sì yan Install, lórí Mac, ẹ tẹ fáìlì lẹ́ẹ̀mejì, Font Book yóò sì ṣe ìyókù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ to ọ̀rọ̀ náà bí ọwọ́ ti ń tò ó

Àwọn lẹ́tà kékeré inú fọ́ǹtì àfọwọ́kọ sábà máa ń kúrú ju ti fọ́ǹtì lásán lọ, nítorí náà ìwọ̀n 12 póìntì nínú rẹ̀ máa ń dà bí 9 tàbí 10 lójú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 16, kí ẹ sì máa wò ó lórí bébà. Àlàfo àárín ìlà náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju bí sọ́fítíwíà ti fi í sílẹ̀ lọ. Èdè wa ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, bí ìlà bá sì fún pọ̀, àmì abẹ́ “ọ” nínú ìlà òkè yóò bà sórí “á” nínú ìlà ìsàlẹ̀, òǹkàwé kò sì ní mọ èyí tí ó ni í. Ìdá kan àti ààbọ̀ ìwọ̀n lẹ́tà ni mo máa ń fi ṣe àlàfo ìlà, bí ìrù lẹ́tà bá sì gùn, mo máa ń fi díẹ̀ kún un.

Ẹ má ṣe tẹ odindi ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà ńlá bí fọ́ǹtì bá jẹ́ èyí tí ó so mọ́ra. Wọ́n ya lẹ́tà ńlá rẹ̀ láti máa ṣáájú lẹ́tà kékeré. Bí wọ́n bá dúró ti ara wọn, wọn kì í so, wọn kì í sì í ṣeé kà. Àwọn fọ́ǹtì mákà tí lẹ́tà wọn dá dúró lè gbà á. Ẹ má sì ṣe tẹ bọ́tìnnì Bold bí fọ́ǹtì kò bá ní ìrísí tí ó nípọn tirẹ̀, nítorí pé sọ́fítíwíà kàn máa ń fi ọ̀dà kún etí lẹ́tà ni, ojú “e” àti “a” yóò sì dí pa. Bákan náà ni fún bọ́tìnnì Italic, tí yóò fi ipá tẹ lẹ́tà sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ṣe ohun tí ọwọ́ máa ń ṣe: ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ yí i ká, ṣùgbọ́n kí ìlà náà lọ sísàlẹ̀ dáadáa kí ó má baà bo àmì abẹ́ lẹ́tà mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àlàfo láàárín lẹ́tà wà bí ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì ti fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, ìsopọ̀ yóò já, lójú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá, aṣàwákiri máa ń pa àwọn lẹ́tà alásopọ̀ tì bí a bá ti fi àlàfo kún àárín lẹ́tà. Kí ìlà bẹ̀rẹ̀ ní apá òsì, kí apá ọ̀tún sì parí síbi tí ọ̀rọ̀ bá parí sí. Kò sí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ kọ̀wé tí apá méjèèjì rẹ̀ ń gún régé. Fún ìlà kan ṣoṣo, irú èyí tí ẹ fi sí igun àwòrán, ẹ lè gbé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ sókè ní apá ọ̀tún pẹ̀lú ìwọ̀n dígírì mẹ́ta sí márùn-ún, ó máa ń jẹ́ kí ó dà bí ohun tí ẹnì kan sáré kọ síbẹ̀. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di àṣejù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wá ẹnìkejì fún un

Fọ́ǹtì àfọwọ́kọ nílò fọ́ǹtì jẹ́jẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí yóò gbé àlàyé, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì. Ẹ mú èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́, tí àmì ohùn rẹ̀ pé. Noto Sans máa ń tó iṣẹ́ yìí ṣe. Ẹ má ṣe fi fọ́ǹtì àfọwọ́kọ méjì sínú iṣẹ́ kan, àfi bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní tòótọ́, bí ti ìwé ìtàn tí ìyá àti ọmọ ti ń kọ lẹ́tà síra wọn. Níbẹ̀, ohùn méjì ni a nílò, ó sì yẹ kí wọ́n yàtọ̀ síra gidigidi.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ gbé e síbi tí ó yẹ

Ibi tí mo gbà pé fọ́ǹtì àfọwọ́kọ ti wúlò jù lọ ni àlàyé ẹ̀gbẹ́ àwòrán. Bí ẹ bá ní fọ́tò tàbí àwòrán ẹ̀rọ kan tí ẹ fẹ́ tọ́ka sí apá rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú bí “ibí ni kí ẹ dì mú” tàbí “ẹ má ṣe fún èyí pọ̀ jù”, tí ọfà tí ó rí bí èyí tí ọwọ́ fà ń tọ́ka láti ara rẹ̀, máa ń dà bí ẹni pé ọ̀gá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwòrán fúnra rẹ̀ wà ní ipò ohun tí a ṣe lọ́nà òfin, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní ipò ìmọ̀ràn. Lójú ẹsẹ̀ ni òǹkàwé yóò mọ ìyàtọ̀. Kí ìnípọn ọfà dọ́gba pẹ̀lú ti lẹ́tà, kí àwọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ni kí ó wà níbi kọ̀ọ̀kan.

Lórí káàdì, ẹ fún un ní ìkíni àti gbólóhùn tí ó ti ọkàn wá, kí ẹ sì fi déètì, aago àti ibi tí a ó ti pàdé sílẹ̀ fún fọ́ǹtì kejì. Ẹni tí ó ń wá aago kò fẹ́ máa tiraka kí ó tó rí i kà. Lórí àmì ọjà, ẹ lò ó fún orúkọ ọjà tàbí gbólóhùn kúkúrú tí olùṣe ń bá olùrà sọ, kí ohun tí wọ́n pò pọ̀ àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà nínú lẹ́tà tí ó hàn gbangba.

Nínú ìwé ọmọdé, ẹ fi ojú sí “a”. Ọmọ tí ó ń kọ́ láti kọ̀wé máa ń kọ “a” tí ó rí roboto tí ó ní igi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ìwé ìtẹ̀jáde sì ní èyí tí orí rẹ̀ ká bò ó. Fọ́ǹtì àfọwọ́kọ sábà máa ń bá ti ọmọ náà mu, èyí sì jẹ́ àǹfààní rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí lẹ́tà kò bá so mọ́ra, tí àmì ohùn sì dúró dáadáa. Ìwé ìtàn alàwòrán ni ilé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò ní fa ìyẹn gùn.

Fún lógò, ẹ tẹ orúkọ náà, ẹ sọ ọ́ di àwòrán, kí ẹ sì tún lẹ́tà tí ó fara hàn lẹ́ẹ̀mejì ṣe kí ìkejì má bàa jọ ìkíní. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń yà lógò sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo èyí tí àwọn ẹlòmíràn fi fọ́ǹtì kan náà ṣe.

Ẹ má ṣe fi í kọ ìlànà ìlò oògùn, ìkìlọ̀ ewu, ìwé òfin tàbí odindi ojú ìwé. Ẹ má sì ṣe fi í ṣe ìbuwọ́lùwé ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹni tí ó rí i yóò gbà pé ọwọ́ ẹni náà ni.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ mú un jáde láìjẹ́ kí ó bàjẹ́

Bí iṣẹ́ bá ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ fi PDF ránṣẹ́, kí ẹ sì rí i pé fọ́ǹtì wà nínú fáìlì náà fúnra rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà wọn yóò fi fọ́ǹtì tirẹ̀ dípò. Bí ó bá ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, WOFF2 ni irú fáìlì tí ó fúyẹ́ jù. Àwọn kan máa ń gé lẹ́tà tí wọn kò lò kúrò nínú fọ́ǹtì kí ó lè yára ṣí, ibẹ̀ ni àmì wa sì ti máa ń sọnù. Bí ẹ bá fẹ́ gé e, ẹ pa U+0300 àti U+0301 mọ́, pẹ̀lú U+1EB8 àti U+1EB9 fún “Ẹ” ńlá àti kékeré, U+1ECC àti U+1ECD fún “Ọ”, U+1E62 àti U+1E63 fún “Ṣ”, U+0144 àti U+01F9 fún “ń” àti “ǹ”, láìgbàgbé àwọn fáwẹ́lì tí ó kù pẹ̀lú àmì wọn. Ní ti àwọ̀, ìlànà WCAG, èyí tí wọ́n ṣe kí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lè rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti lò, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, tàbí 3 sí 1 fún lẹ́tà tí ó tóbi. Nítorí pé ìlà fọ́ǹtì báírò tín-ín-rín, èmi kì í sọ̀ kalẹ̀ sí 3 bí lẹ́tà tilẹ̀ tóbi.

Kí ẹ tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, tàbí kí ẹ ṣí i lójú fóònù, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí kò tíì rí i rí pé kí ó kà á sókè láti ìwọ̀n apá kan. Ẹ má ṣe ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi àmì sí gbogbo ibi tí ó bá ti dúró, ibi tí ó ti tún ọ̀rọ̀ kà, àti ibi tí ó ti ka ohùn òkè sí ti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì padà lọ tún àwọn ibẹ̀ ṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan.